Tírélà Pupa Tí Kò Jọ̀wọ́ Sùlè

[Fóònù ń dún. Wọ́n gbé e. Ẹ̀rọ tó ń la pákó ń han gooro lẹ́yìn.]

ALHAJI: Hẹ́lò.

SÙLÈ: Àsàlámù àlékúmù, Alhaji. Ẹ káàsán sà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ooru, ilé ńkọ́, sọ́míìlì ńkọ́, àwọn—

ALHAJI: Wàálékúmù sàlámù. Ta nìyẹn?

SÙLÈ: Èmi ni sà. Sùlèímọ́nù, ọmọ ẹ̀gbọ́n yín.

ALHAJI: Sùlè tí mo rán lọ sí Ìbàfò láti àárọ̀?

SÙLÈ: Òun náà ni sà.

ALHAJI: Fóònù ta nìyí?

SÙLÈ: Ti Alhaja Kúlúsúmù tó ni àwọn tírélà ni. Wọ́n so ó mọ́ ọparun, wọ́n wá nà án sí mi.

ALHAJI: Wọ́n so ó mọ́ kí ni?

SÙLÈ: Ọ̀rọ̀ network ni sà. Kò sí network nísàlẹ̀. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

ALHAJI: Mò ń gbọ́ ẹ wuu wuu. Orí gẹdú ni mo dúró sí. Ní gbogbo sọ́míìlì yìí, orí gẹdú kan ṣoṣo yìí ni network ti ń bá wa. Sọ̀rọ̀ kíákíá kí n tó yọ̀ ṣubú.

SÙLÈ: Ẹ kú ìdúró sà.

ALHAJI: Gẹdú kún ilẹ̀ níbí bíi kí n sunkún. Àwọn tó ń bá wa gbé e ní ẹ̀yìn ń dun àwọn, gbogbo wọn ti lọ ń gun ọ̀kadà ní Àgbàdo. Tírélà méjì ló wà lọ́wọ́ obìnrin yẹn, àbí?

SÙLÈ: Méjì sà. Red kan, yellow kan. Àwọn méjèèjì ló ní ọwọ́ irin lẹ́yìn. Ọwọ́ yẹn á nà jáde, á la ìka, á fún gẹdú mọ́ra, á wá gbé e sórí tírélà jẹ́jẹ́. Ẹ rí bí Ìyá Àgbà ṣe ń yọ ẹran tó tóbi jù nínú ọbẹ̀ fún ara wọn? Bó ṣe ń ṣe é gan-an nìyẹn.

ALHAJI: Èwo lo wá yàn?

SÙLÈ: Alhaji, kó tó dọ̀hún—

ALHAJI: Kò sí kó tó dọ̀hún. Ohun tí mo sọ láàárọ̀ náà ni. Tó o bá yàn án dáadáa, ìwọ lo máa máa wà á. Tó o bá yàn án ní ìyànkuyàn, Ṣàkírù ọkọ Nùsírátù ló máa wà á, ìwọ á sì padà síbi tó o ti ń kó sọ́dọ́ọ̀sì.

SÙLÈ: Mo gbọ́ sà. Sọ́dọ́ọ̀sì ọjọ́ Sátidé ṣì wà nínú etí mi báyìí.

ALHAJI: Báwo ni yellow ṣe rí?

SÙLÈ: Yellow fine gan-an sà. Ó ní kásẹ́ẹ̀tì. Ó ní fáànù. Wọ́n fi tìmùtìmù sórí síìtì ẹ̀.

ALHAJI: Ṣé gẹdú ló máa gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì?

SÙLÈ: Rárá sà. Mo kàn ní kí ẹ mọ̀ ni.

ALHAJI: Red ńkọ́? Báwo lọwọ́ ẹ̀ ṣe ga tó?

SÙLÈ: Ó ga sà.

ALHAJI: Ó ga bíi kí ni?

SÙLÈ: Mò ń rí òrùlé gbogbo Ìbàfò. Mò ń rí ọ̀nà Mówè. Mò ń rí bàbá kan tó ń wẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, ó rò pé òun nìkan ló wà láyé.

ALHAJI: Báwo lo ṣe ń rí gbogbo ìyẹn?

SÙLÈ: Mo wà níbi tó ga díẹ̀ ni sà.

ALHAJI: O gun orí ẹ̀ lọ? Ọmọ gidi. Bí èèyàn ṣe ń yẹ ọjà wò nìyẹn. Ṣàkírù ì bá dúró sísàlẹ̀ kó máa fi ẹsẹ̀ ta táyà. Ìka irin ẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó ń di nǹkan mú?

SÙLÈ: Ó ń dì í mú sà. Ó tiẹ̀ ń dì í mú kọjá àlà.

ALHAJI: Kò yọ̀?

SÙLÈ: Kò yọ̀ rárá. Mo ti gbìyànjú láti— wọ́n ti gbìyànjú ẹ̀ dáadáa.

ALHAJI: Ṣé ọ́ìlì ẹ̀ ò jò?

SÙLÈ: Ẹ jẹ́ n wò ó sà. Kò tíì jò sí mi lórí.

ALHAJI: Sí ẹ lórí báwo?

OHÙN OBÌNRIN KAN (láti ìsàlẹ̀): Bọ̀dá òkè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yí eríàlì wa sápá Mówè díẹ̀.

SÙLÈ: Ọwọ́ mi ò tó o, ma.

ALHAJI: Ta ni wọ́n ń pè ní Bọ̀dá òkè?

SÙLÈ: Àwọn ará àdúgbò ni sà. Wọ́n ti pọ̀ nísàlẹ̀. Ẹnì kan ti gbé bẹ́ǹṣì jáde. Wọ́n ti ń ta ẹ̀pà fún ara wọn.

ALHAJI: Sùlè.

SÙLÈ: Sà.

ALHAJI: Níbo lo wà?

SÙLÈ: Ìbàfò.

ALHAJI: Níbo ní Ìbàfò?

SÙLÈ: Inú ọgbà Alhaja.

ALHAJI: Níbo nínú ọgbà Alhaja?

SÙLÈ: Apá òkè sà.

[Ohùn ń já, ó ń padà.]

ALHAJI: Hẹ́lò. Ṣé o gbọ́ mi? Mo ní ṣé inú ọwọ́ irin yẹn lo wà?

SÙLÈ: Ẹ má bínú sà.

ALHAJI (sí àwọn tó wà lọ́dọ̀ ẹ̀): Ẹ pa ẹ̀rọ yẹn.

[Ẹ̀rọ tó ń la pákó dákẹ́.]

ALHAJI: Ó yá, tún un sọ.

SÙLÈ: Mo jókòó sínú táyà ńlá kan tó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ọwọ́ irin tírélà red fún táyà mọ́ra, táyà náà wá fún èmi mọ́ra. Dísù ẹ́ńjìnnì tán nígbà tí mo dé òkè pátápátá.

ALHAJI: Kí lo lọ ṣe nínú ọwọ́ irin?

SÙLÈ: Ẹ̀yin lẹ rán mi.

ALHAJI: Èmi Bùrẹ́ímọ̀?

SÙLÈ: Ẹ ò rántí ni? Láàárọ̀, bí mo ṣe ń wọ bàtà, ẹ ní, "Sùlè, má gba ọjà kankan lọ́wọ́ ẹni tí kò bá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú ẹ."

ALHAJI: Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́mu nìyẹn. Ẹlẹ́mu ló ń kọ́kọ́ tọ́ ẹmu wò kó tó bù ú fún oníbàárà. Ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé kí obìnrin náà tan ẹ̀rọ lójú ẹ, kó fi gbé nǹkan.

SÙLÈ: Alhaji, báwo lẹ ṣe mọ bí ẹlẹ́mu ṣe ń ṣe?

ALHAJI: Kí n tó lọ Mẹ́kà nìyẹn. Máa bá ọ̀rọ̀ ẹ lọ.

SÙLÈ: Kò sí gẹdú kankan nílẹ̀ tí wọ́n á fi ẹ̀rọ gbé. Ni mo bá ṣàlàyé fún Alhaja pé lọ́dọ̀ tiwa ní Ìfọ̀, ẹni tó ni ọjà ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.

ALHAJI: Ó wá ní kí ni?

SÙLÈ: Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n fi báàgì há abíyá, wọ́n wọnú táyà.

ALHAJI: Kúlúsúmù? Pẹ̀lú ara yẹn?

SÙLÈ: Alhaji, fóònù wọn ni, ó wà lórí speaker.

KÚLÚSÚMÙ (láti ìsàlẹ̀): Mo gbọ́ yín o, Alhaji.

ALHAJI: Ara ọlá ni mo ní lọ́kàn, Alhaja. Ẹ kú ọjà.

SÙLÈ: Ládélé tó ń bá wọn wa ẹ̀rọ gbé wọn lọ sókè. Wọ́n ń juwọ́ bíi ìyàwó gómìnà. Wọ́n ní kó yí àwọn lọ sápá ọ̀tún, ó yí wọn. Wọ́n ní kó yí àwọn lọ sápá òsì, kí àwọn ará ẹ̀yìn náà lè rí àwọn. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, gèlè ò yẹ̀. Wọ́n wá wò mí, wọ́n ní, "Èmi ti tọ́ ọ wò o. Ó kù ẹ́."

ALHAJI: O ò lè sọ pé o ò ṣe ni?

SÙLÈ: Kí ẹlẹ́mu tọ́ ọ wò tán, kí ẹni tó fẹ́ rà á wá ní òun ò mu? Alhaji, ìwọ̀sí kọ́?

[Alhaji mí kanlẹ̀.]

ALHAJI: Òótọ́ ni. Ìwọ̀sí ni.

SÙLÈ: Mo wọlé. Wọ́n gbé mi. Ẹ́ńjìnnì ṣe gbùú, gbùú, ó kú. Alhaja ti fi gbogbo dísù juwọ́.

ALHAJI: Ṣé o ò lè bẹ́ sílẹ̀?

SÙLÈ: Àlòkù irin ló kún ìsàlẹ̀. Àgbò Alhaja ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Àgbò yẹn ń wò mí bíi pé mo jẹ bàbá ẹ̀ nígbà Iléyá. Ọmọ́títí ọmọ Alhaja ti gbé jálá lọ wá dísù ní Mówè, kò tíì dé. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

ALHAJI: Dúró ná. Ó ti pẹ́ tó o ti wà lókè?

SÙLÈ: Wọn ò tíì kírun àílà ọ̀sán nígbà tí mo gòkè. Wọ́n ti kí i tán. Lókè níbí ni mo ti kí tèmi. Táyà ò jẹ́ n tẹ̀, mo kàn ń fi orí kí i ni.

ALHAJI: Ọlọ́run á gbà á. Látìgbà yẹn, ẹ́ńjìnnì ti kú?

SÙLÈ: Ó ti tutù sà.

ALHAJI: Ọwọ́ irin yẹn ò sì rẹlẹ̀?

SÙLÈ: Kò rẹlẹ̀.

ALHAJI: Kò la ìka?

SÙLÈ: Ì bá tiẹ̀ la díẹ̀, ǹ bá ráyè mí.

ALHAJI: Alihamdulilahi. Tírélà wa nìyẹn.

SÙLÈ: Alhaji, mo ṣì wà nínú ẹ̀ o.

ALHAJI: Ohun tí mo ń sọ nìyẹn. Tí gẹdú bá wà lókè, tí ẹ́ńjìnnì bá kú, tí àwọn ọmọ wa wà nísàlẹ̀ ńkọ́? Gẹdú ò ní pariwo "ẹ yà lọ́nà" kó tó já. Ọwọ́ tí kì í jọ̀wọ́ nǹkan là ń wá. Yellow ńkọ́? Ẹ ti pa ẹ́ńjìnnì tiẹ̀ nígbà tí nǹkan wà lọ́wọ́ ẹ̀?

SÙLÈ: Wọ́n fi gbé dúrọ́ọ̀mù òfìfo láàárọ̀. Ládélé pa ẹ́ńjìnnì kó lè gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì dáadáa. Dúrọ́ọ̀mù já, ó yí gbirigbiri lọ bá àgbò. Àgbò kàn án padà.

ALHAJI: Ìyẹn lo wá ń bá mi polówó kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀?

SÙLÈ: Ẹni tó wà nísàlẹ̀ láàárọ̀ ló fẹ́ yellow. Ẹni tó wà lókè yìí ti gbọ́n.

[Ẹ́ńjìnnì kan bú sókè. Orin kásẹ́ẹ̀tì gbòde.]

ALHAJI: Dísù ti dé?

SÙLÈ: Rárá o. Ládélé ló ń wa yellow bọ̀.

LÁDÉLÉ (láti ìsàlẹ̀): Fọkàn balẹ̀, Sùlè. Yellow á gbà ẹ́ lọ́wọ́ red.

SÙLÈ: Bọ̀dá Ládélé, ẹ fi mí síbí. Ibí tù mí lára.

ALHAJI: Sùlè, má jẹ̀ẹ́ kí nǹkan yẹn gbé ẹ. Ṣé o gbọ́ mi?

KÚLÚSÚMÙ: Ẹ jẹ́ kó tọ́ yellow náà wò, Alhaji, kó lè fi ọkàn kan yàn. Ó ní kásẹ́ẹ̀tì o, Sùlè.

SÙLÈ: Mo mọ̀, ma. Mo ti fi kásẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ fáyé. Red la fẹ́.

KÚLÚSÚMÙ: Fáànù ńkọ́?

SÙLÈ: Atẹ́gùn ti tó mi lókè yìí, ma. Red. Alhaji, ẹ bá mi sọ ọ́.

ALHAJI: Red ni, Alhaja. Red la mú.

LÁDÉLÉ: Mi ò gbọ́ nǹkan tí ẹ ń sọ o, ẹ́ńjìnnì ń pariwo.

[Irin ń han.]

SÙLÈ: Ó ti na ọwọ́. Ó ti ń la ìka. Ìka ẹ̀ ń gbọ̀n bíi ti ẹni tí ibà ń ṣe. Alhaji, ẹ dá mi lóhùn kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Èmi ni mo máa wà á ni, àbí Ṣàkírù?

ALHAJI: Jẹ́ n rò ó.

SÙLÈ: Ẹ má rò ó sà, ó ti dé ibi bàtà mi.

ALHAJI: Ìyàwó Ṣàkírù lọmọ mi, ṣé o mọ̀? Tí n bá délé lálẹ́—

SÙLÈ: Bọ̀dá Ládélé, ẹ padà sẹ́yìn, ẹ padà— kì í ṣe èmi lẹ mú yẹn, fóònù ni, fóònù Alhaja lẹ—

[Irin kan irin. Ohùn Sùlè jìnnà.]

ALHAJI: Hẹ́lò? Mo ti rò ó tán. Nùsírátù á bínú, á tún dákẹ́. Ẹni tó há sókè, tó ń fi orí kírun, tí kò sì gbàgbé iṣẹ́ tí mo rán an, òun ló ni tírélà. Ìwọ lo máa wà á. Ṣé o gbọ́ mi?

[Orin kásẹ́ẹ̀tì.]

SÙLÈ (láti òkèèrè): Kí ni wọ́n sọ? Alhaja, ẹ bá mi gbọ́ nǹkan tí wọ́n ń sọ.

KÚLÚSÚMÙ: Fóònù mi. Ládélé, ìka yellow ló mú fóònù mi dání yẹn?

LÁDÉLÉ: Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ n pa ẹ́ńjìnnì kí n lè gbọ́ yín dáadáa.

SÙLÈ: Má pa á, má pa á, má—

[Ẹ́ńjìnnì kú. Orin dákẹ́.]

ALHAJI: Ẹ̀n-ẹ́n, ariwo ti lọ báyìí. Sùlè, mo ní ìwọ ni. Kì í ṣe Ṣàkírù. Ṣé o gbọ́ mi? Ṣé o—

[Ìka yellow là, fóònù já bọ́. Atẹ́gùn. Àgbò ké lẹ́ẹ̀kan. Ìpè já.]