Ìpínrọ̀ Keje Tí Mo Fò

Ẹ̀yin òǹkàwé, ohun kan wà nínú mi tí ìyàwó mi pàápàá kò mọ̀. Mo ń sọ ọ́ báyìí torí pé Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ kí n tún irú rẹ̀ ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi.

Ní ọdún tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ ní Calgary, ní Kánádà níbí, wọ́n dá mi dúró ní ọgbà tí a ti ń to páìpù. Work permit mi fẹ́ tán. Basement kan ní Penbrooke là ń gbé. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Tómi, ọmọ mi obìnrin, ó sì ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Àrùn yìí kan náà ló pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé kí a tó wá. Mo mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá dá wa padà.

Lọ́yà kan, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ló ń bá wa ṣe ìwé PR, ìwé ìgbélùú títí láé. Àwọn ilé-iṣẹ́ epo ló ń ṣiṣẹ́ fún tẹ́lẹ̀. Nígbà tí iyẹn gbẹ, òun àti àwọn kan dá ilé-iṣẹ́ méjì sílẹ̀ ní Nàìjíríà: ọ̀kan láti wa wúrà, èkejì láti ta omi. N kò tètè mọ̀ pé ọ̀kan ló máa wá oníbàárà fún èkejì.

Abúlé wa, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ni wọ́n ti rí wúrà náà. Àwọn àgbà ní àwọn kò ní tẹ̀ka sí ìwé àdéhùn òyìnbó tí ilé-iṣẹ́ wúrà náà gbé wá àfi tí ọmọ ilé bá kà á fún àwọn ní Yorùbá. Èmi ni wọ́n dárúkọ. Mo ka ìwé mẹ́wàá yọrí, n kì í sì í fi ohun tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ ṣeré.

Lọ́yà pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó nàka sí ìpínrọ̀ keje, ojú ìwé kẹta, ìlà mẹ́rin péré.

"Bàbá Tómi, gbogbo ìlà kọ́ lèèyàn ń kà fún àgbà. Ó máa ń sú wọn."

Mo ní, "Lọ́yà, odò wa nìyí. Ẹ ní ó di ti ilé-iṣẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín. Fáìlì PR wa wà lórí tábìlì. Ó rọra gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ tì í.

Nígbà tí wọ́n pè láti ilé, Baálẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Akọ̀wé, ṣé yìnyín ò tíì gbé ọ mì? Ó yá, kà á, etí wa ti là." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo ka ìpínrọ̀ kìíní dé ìkẹfà. Mo wá ka ìkẹjọ, mo pè é ní ìkeje. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń yí nọ́ńbà padà títí mo fi parí. Ìyá mi wà láàárín wọn. Ó ní, "Ọlọ́run á wo ọmọ rẹ fún ọ." Wọ́n tẹ̀ka.

PR wa jáde. A ti ní ilé tiwa ní Martindale, Tómi sì ti wọ college. Àmọ́ odò náà ti pupa, ọkọ̀ omi ilé-iṣẹ́ kejì ló ń ta omi fún wọn. Ẹni tí kò rówó rà ń bu ti inú ẹrẹ̀. Lóṣù tó kọjá, ìyá mi pè wá lórí fídíò. Awọ ọwọ́ rẹ̀ ń bó. Tómi wò ó, ó ní, "Daddy, who let them do that?" Mo ní n kò mọ̀.

Àwọn àgbà kò fura sí mi. Wọ́n ní Lọ́yà ló yí ìwé náà padà lẹ́yìn tí mo kà á. Ìwé tuntun ti dé. Orísun omi orí òkè, ọ̀kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù, ni ilé-iṣẹ́ náà ń wá báyìí. Baálẹ̀ ní àwọn kò ní tẹ̀ka àfi tí èmi bá kà á. Ní Tuesday, Lọ́yà pè mí, ohùn rẹ̀ tutù: "Ìpínrọ̀ karùn-ún ni tọ̀tẹ̀ yìí o. Ẹ bá mi kí Tómi. Ṣé ìwé citizenship rẹ̀ ò tíì jáde?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ bímọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Tí mo bá ka ìpínrọ̀ karùn-ún yẹn síta, wọn á bi mí ohun tó wà nínú ìwé àkọ́kọ́, n kò sì ní lè parọ́ mọ́. Ta ni kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún kí Sátidé tó pé: ìyá mi tó ń fi omi náà wẹ̀, àbí ọmọ mi tí mo torí rẹ̀ ṣe é?