Ímeèlì tí mo pa rẹ́ lórí fóònù Ìyá Balqees

Ìyá Balqees, òótọ́ gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu mi lónìí, torí ojú ọ̀tún ọmọ yín nìkan ló kù. Kí àbúrò yín Múdàṣírù ka lẹ́tà yìí sí yín létí dé ìparí, kódà bí ẹ bá ní kó fà á ya.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ wá láti Ẹ̀pẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún fóònù ṣe ní Ìtamága. Ímeèlì kan lórúkọ ọsibítù kan ní kí ẹ gbé Balqees wá, wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ẹ fi fọ́tò àti ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ bi mí bóyá iṣẹ́ gbájúẹ̀ ni. Mo ṣí àwọn ìlà tó máa ń fara pamọ́ lẹ́yìn ímeèlì. Gbogbo ibi tí ímeèlì bá gbà kọjá ló ń lu òǹtẹ̀ tirẹ̀ síbẹ̀, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ìsàlẹ̀ ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀. Èmi ọ̀mọ̀ràn, lórí ìlà kejì ni mo ti rí i pé àdírẹ́sì tó fi í ránṣẹ́ yàtọ̀ sí ti ọsibítù, mo ní gbájúẹ̀ ni. Ẹ dúpẹ́ títí, ẹ sì ròyìn mi fún gbogbo Ìtamága.

Ní ọjọ́ kẹta, mo tún ṣí ẹ̀dà rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ mi, torí mo fẹ́ràn kí n máa wo bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́. Mo kà á láti ìsàlẹ̀. Ọsibítù gan-an ló kọ ọ́. Ilé iṣẹ́ tó ń bá wọn fi lẹ́tà ránṣẹ́ ló ni àdírẹ́sì kejì. Òǹtẹ̀ ọsibítù pé síbẹ̀. Ọjọ́ méje ṣì kù kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà pé. Mi ò pè yín. Orúkọ mi ni mo ń ṣọ́.

Lọ́jọ́ kejì ìyẹn, ẹ gbé fóònù wá kí n pààrọ̀ ibi tí wọ́n ń ki ṣájà bọ̀. Ẹ jókòó, ẹ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mi ò níyàwó, pé ẹ máa bá mi wá ọmọ Ẹ̀pẹ́ tó mọ ẹja yan. Ibẹ̀ ni ímeèlì kejì ti wọlé: wọ́n ṣì ń retí yín. Mo pa á rẹ́. Mo tún dínà mọ́ àdírẹ́sì náà, kí òmíràn má baà wọlé. Mo dá fóònù padà, ẹ sì ṣàdúrà fún mi.

Ojú òsì fọ́. Ẹ ní kádàrá ni. Kì í ṣe kádàrá. Èmi Adéòjó ni.

Lánàá ẹ pè mí, ẹ ń rẹ́rìn-ín: "Ẹnjiníà, àwọn olè yẹn tún ti dé o. Wọ́n ti bọ́ sórí fóònù Múdàṣírù. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, wọn ò lè rí mi mú." Mo ní kí Múdàṣírù ya fọ́tò àwọn ìlà náà fún mi. Mo kà á láti ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Òótọ́ ni. Mo ní kí ẹ lọ, ẹ ní wọ́n ti tan èmi náà jẹ.

Ẹ dárí jì mí bí ẹ bá lè, àmọ́ ẹ má dúró torí ìyẹn. Ẹ lè fi ọlọ́pàá mú mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ ó bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́jọ àárọ̀, ni wọ́n ń retí Balqees. Ẹ gbé e lọ.