Oògùn Tí Mo Sọ Pé Kò Tó

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ẹnu mi tó wúwo. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a. Tèmi ti lọ fún ọdún mẹ́tàlélógójì, òótọ́ kò sì bá a, nítorí èmi náà ń bá a sáré ni. Ní báyìí tí kíndìnrín mi méjèèjì ti ní àwọn ò ṣiṣẹ́ mọ́, mi ò lè sáré mọ́. Ẹ̀yin ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ apoògùn, tí ẹ ń gbé ọsàn wá kí mi lórí bẹ́ẹ̀dì yìí, tí ẹ ń pè mí ní Bàbá Olóòótọ́, ẹ jókòó. Lánàá, nọ́ọ̀sì kékeré kan bi mí bóyá mo ti lo oògùn àárọ̀. Mo ní mo ti lò ó. Kò gbà mí gbọ́. Ó lọ wo ìwé, ó rí i níbẹ̀, ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá, àwọn àgbà máa ń gbàgbé ni." Ọmọ náà kò ṣẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n mo kọjú sí ògiri, mo sunkún, nítorí mo mọ ibi tí èmi náà ti lo irú ọ̀rọ̀ yẹn rí.

Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà náà. Ilé-ẹ̀kọ́ wa rán mi lọ sí olú-ìlú láti fi oṣù mẹ́fà kọ́ṣẹ́ ní fèrèsé oògùn ilé ìwòsàn ìjọba kan. Yàrá tí mo gbà kéré débi pé bí mo bá ṣí ilẹ̀kùn, á gbá bẹ́ẹ̀dì. Mo kí onílé, ó mi orí. Mo kí àwọn ará ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ní "ẹ̀n-ẹ́n," wọ́n ti ilẹ̀kùn wọn. Èmi tí màmá mi máa ń kí láti ẹnu ọ̀nà títí mo fi máa dé ìdí ìkòkò, tí wọ́n á bi mí bí oorun ṣe rí, tí wọ́n á bi mí nípa orúnkún tó máa ń dùn mí, ọjọ́ mẹ́ta lè kọjá kí ẹnìkan tó pe orúkọ mi. Tẹlifóònù ò tíì dé abúlé wa, lẹ́tà sì lè pẹ́ tó oṣù kan lójú ọ̀nà. Àárò màmá mi sọ mí débi pé mo máa ń jẹun tán kí n máa wá ohun tó kù tí mi ò tíì jẹ.

Ní ibi iṣẹ́, ọ̀gá wa obìnrin, apoògùn àgbà, la máa ń pè ní Ìyá Gègé lẹ́yìn wọn, nítorí gègé pupa kan tí kì í kúrò nínú irun wọn. Ohun tí wọ́n bá fi gègé yẹn kọ nípa mi ni ilé-ẹ̀kọ́ máa kà. Bàbá àgbàlagbà kan tí a ń pè ní Bàbá Òǹtẹ̀ ló ń lu òǹtẹ̀ sára káàdì. Èmi ni mo ń ka hóró oògùn lórí àwo pẹlẹbẹ, ní márùn-ún márùn-ún, tí mo ń dì wọ́n sínú àpò pépà. A ní ìlànà kan: bí oògùn bá fẹ́ tán, a kì í fún ẹnìkan ní gbogbo ohun tí dókítà kọ. A á fún un ní ti ọ̀sẹ̀ kan, a á kọ ọ́ sí káàdì, a á ní kó padà wá gba ìyókù, kí gbogbo èèyàn lè rí díẹ̀díẹ̀. Ìlànà tó dáa ni, ẹ̀yin náà ń lò ó.

Ọjọ́bọ̀ kan ni Màmá Agboòrùn dé. Èmi ni mo sọ wọ́n lórúkọ yẹn, torí pé òjò o, oòrùn o, agboòrùn dúdú kan wà lábẹ́ abíyá wọn. Opó ni wọ́n, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n sì ń dá gbé. Dókítà kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru oṣù méjì fún wọn, hóró kan lójúmọ́. Oògùn náà ò tó lóòótọ́ lọ́jọ́ yẹn, mo fún wọn ní méje. Wọ́n wò mí dáadáa. "Ọkọ mi, ojú rẹ ti wọnú. Ta ló ń se oúnjẹ fún ọ?" Mo ní èmi fúnra mi ni. Wọ́n ní, "Èmi Fúnra Mi yẹn ò mọ oúnjẹ sè rárá. Lé e lọ." Mo rẹ́rìn-ín débi pé Ìyá Gègé yọjú. Láti ìgbà náà, tí wọ́n bá ti gba oògùn tán, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé títí oòrùn á fi rọlẹ̀, wọ́n á máa bi mí bóyá mo sùn, bóyá màmá mi ti kọ̀wé. Wọn ò kàwé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ wọn márààrún, wọ́n mọ ẹni tó kọ́kọ́ wọlé wá kí wọn lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan àti ohun tó gbé lọ́wọ́. Wọ́n á fi ìka kan iwájú orí wọn, wọ́n á ní, "Ìwé tèmi nìyí. Kò sí ẹni tó lè ya á."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ọkọ̀ já oògùn. Èmi gan-an ni mo to páálí rẹ̀ kan àjà. Màmá dé, wọ́n na káàdì sí mi. Ó yẹ kí n ka gbogbo ìyókù fún wọn, kí n ní ó di oṣù tó ń bọ̀. Mo ka méje. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ní, "Màmá, kò tíì tó o. Ẹ padà wá lọ́jọ́bọ̀." Mi ò kórìíra wọn, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo fẹ́ràn wọn ni, mi ò sì lè fara da oṣù kan láìrí wọn. Wọ́n ní, "Kò burú, ọkọ mi, ẹsẹ̀ ṣì ń gbé mi." Ọkọ̀ méjì ni wọ́n ń wọ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, mo sì mọ̀. Bàbá Òǹtẹ̀ wo páálí, wọ́n wò mí, wọ́n lu òǹtẹ̀. Nígbà tí Màmá lọ tán, wọ́n ní, "Ọmọ yìí, mo ti rí àwọn tó ń jí oògùn níbí. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ rí tó ń jí aláìsàn." A jọ rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Dókítà tún ìwé kọ, mo tún pín in.

Lẹ́yìn náà ni òjò kan rọ̀ tó dí gbogbo ọ̀nà, Màmá ò wá lọ́jọ́bọ̀. Ọjọ́bọ̀ kejì, bẹ́ńṣì ṣófo. Ṣé ẹ mọ ohun tó wà lọ́kàn mi? Mo ń bínú. Mo ní Màmá ti pa mí tì. Mo ń kùn bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú, èmi tí mo mọ̀ pé hóró méje péré ni mo fún wọn, tí mo kọ́ ọ nínú ìwé ohun tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣe fún ẹni tí kò bá rí oògùn lò. Ọjọ́bọ̀ kẹta, ọmọ wọn obìnrin ló dé, télọ̀ kan tí téèpù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní rọpárọsẹ̀ ti mú ìyá òun, ọwọ́ òsì ò dìde, ẹnu ti yà sápá kan. "Ó lé ní ọjọ́ mẹ́wàá tí wọn ò rí oògùn lò. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé kò tó."

Ìyá Gègé gbọ́ látinú yàrá. "Oògùn wo ni kò tó? Èyí tó wà lẹ́yìn yìí ò lè tán lọ́dún yìí." Wọ́n gba káàdì, wọ́n rí méje, méje, méje, gbogbo rẹ̀ ní ìkọ̀wé mi. Wọ́n yọ gègé kúrò nínú irun. Mo rántí màmá mi tó ti sọ fún gbogbo abúlé pé ọmọ òun ń padà bọ̀ wá di apoògùn. Mo sì sọ pé, "Màmá ló ní kí n máa fún àwọn ní díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní tó bá ti pọ̀, ó máa ń sọ nù mọ́ àwọn lọ́wọ́. Bóyá wọn ò rántí pé àwọn sọ bẹ́ẹ̀." Mo wo Bàbá Òǹtẹ̀. Wọ́n fa káàdì kan tí wọ́n ti lù tẹ́lẹ̀, wọ́n tún lù ú. Télọ̀ náà mí kanlẹ̀. "Mo ti fura. Mo ti ń sọ fún wọn pé kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ mi, wọ́n ní orí àwọn pé." Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èmi ni mo jẹ́ kó bọ́.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n padà sílé nígbà tí télọ̀ náà mú Màmá wá. Ó gbé wọn jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó lọ bá dókítà. Màmá fi ọwọ́ tó dáa pè mí. Ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu wọn díẹ̀díẹ̀. "Ọkọ mi, sún mọ́ mi. Ọmọ mi ní èmi ni mo ní kí o máa fún mi ní méje méje. Mo ti wá a nínú orí mi, mi ò rí i. Ohùn tìẹ ni mo ń gbọ́ níbẹ̀, o ní kò tó. Mi ò ní bínú, mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá orí mi ṣì dáa ni. Sọ fún mi." Ẹ gbọ́ o, wọ́n ti dárí jì mí kí n tó jẹ́wọ́. Kò sí ẹnì kankan nítòsí. Mo wo ojú wọn, mo sì rò pé bí mo bá sọ òótọ́, wọn ò ní pè mí ní "ọkọ mi" mọ́. Mo ní, "Màmá, ẹ gbàgbé ni." Wọ́n mi orí, ó pẹ́ kí wọ́n tó dáwọ́ dúró. "Ó dáa. O ṣeun tí o sọ fún mi." Nígbà tí ọmọ wọn padà dé, ó bi wọ́n bóyá ebi ń pa wọ́n. Wọ́n wo ojú rẹ̀, wọ́n ní, "Mi ò mọ̀. Ṣé mo ti jẹun?"

Mi ò rí wọn mọ́. Télọ̀ náà kó wọn sọ́dọ̀ ara rẹ̀, òun ló ń wá gba ọgọ́ta hóró lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo ọjọ́bọ̀ tó kù, mo ń wo bẹ́ńṣì. Ìyá Gègé kọ ọ́ sínú ìwé mi pé olóòótọ́ ni mí. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo délé, màmá mi bi mí pé, "Nínú ìlú ńlá yẹn, ṣé o rí ẹni tó ṣe ìyá fún ọ?" Mo ní rárá. Lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, mo wá télọ̀ náà lọ. Bàtà ni wọ́n ń tà níbi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Aládùúgbò kan ní Màmá ti kú tipẹ́, pé kí wọ́n tó kú, béèyàn bá bi wọ́n ní ohunkóhun, ojú ọmọ wọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò. Mo padà sílé, mo ń bá iṣẹ́ mi lọ.

Ẹ̀yin ọmọ mi, iṣẹ́ yìí á gbé yín lọ síbi tí ẹ ò mọ ẹnikẹ́ni. Àárò á sọ yín. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn. Ẹ wá ẹnìkan, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó tì yín. Ká ní mo sọ pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wá kí mi," wọn ì bá wá. Èyí ló ń pa mí ju kíndìnrín lọ.

Àǹtí télọ̀, bí ẹ bá ṣì wà láyé, àwọn ọmọ yìí máa wá yín kàn. Mo mọ̀ pé ẹ ti dàgbà, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa dùn yín, torí pé ọwọ́ yín ni mo fi ṣe ibi náà. Ẹ forí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ bá mi dé ibi tí ẹ sin wọ́n sí. Ẹ sọ fún wọn pé ọmọ fèrèsé oògùn ti jẹ́wọ́, pé òun ló sọ pé kò tó, pé orí wọn pé títí dọ́jọ́ tí wọ́n bi í léèrè.