Iná Tó Ń Rìn Bí Ẹni Ń Lálàá

Ilé-iṣẹ́ iná ń fún wa ní iná tí kò lè mú omi dì, wọ́n sì ń pè é ní iná.

Nínú ọkọ̀ Òṣú sí Iléṣà, ìyá kan tó ń ta ẹja òkú Èkó sọ fún tíṣà físíìsì tó jókòó tì í:

"Iná wà, fíríìsà ń kùn, ẹja mi sì ń jẹrà. Àbí ó ti rẹ iná ọ̀hún kó tó dé òpin àdúgbò wa ni?"

"Kì í rẹ̀ ẹ́, Mà. Bí tánkì bá ga, omi á sáré wálẹ̀. Bí ẹ bá gbé e sílẹ̀, omi á máa wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni iná: ìyàtọ̀ agbára àárín wáyà méjì tó wọ ilé yín ló ń lé e sáré. Tiyín ti kéré jù."

Ìyá náà ní: "Tiwa ń rìn bí ẹni tó ń lálàá."

Ẹ̀yin ilé-iṣẹ́ iná, ta ló bu ìyàtọ̀ yẹn kù, kí lẹ sì fẹ́ kí ìyá yẹn tà lọ́la?