Ẹ Jẹ́ Ká Gbé Ọ̀gá Ìgbì Wọlé

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Màmá, ẹ̀yin tí ẹ jókòó ti pósí ọkọ yín, ẹ kú ìrọ́jú. Èmi ni mo bá wọn ṣiṣẹ́ nídìí rédà, ẹ̀rọ tí a fi ń wo ojú ọjọ́. Ẹ ń wo bí mo ṣe ń wo òkè ọ̀ọ́kán yẹn ṣáá. Ẹkún nìkan kọ́ ni mo bá wá o. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ọ̀gá Ìgbì la máa ń pè wọ́n. Bí ìjì bá ń jà lọ́nà jíjìn, á ti atẹ́gùn sókè, ìwúwo atẹ́gùn náà á fà á wálẹ̀, á tún gòkè, á tún sọ̀kalẹ̀, bí omi inú bàsíà tí èèyàn ju òkúta sí. Ìgbì yẹn á wá máa tàn ká lójú òfuurufú. Ojú lásán kò lè rí i, rédà wa ló ń rí i. Bí àwa yòókù bá rí ìlà wọ́gọwọ̀gọ lójú ẹ̀rọ, a ó ní ìdọ̀tí ni, a ó fẹ́ pa á rẹ́. Ọ̀gá á gbá wa lọ́wọ́: "Má pa á rẹ́! Bi í pé níbo ló ti wá!" Wọn á tọ ipa rẹ̀ padà títí wọn á fi bá ìjì tó bí i.

Ẹ rántí ìgbéyàwó ọmọ wọn obìnrin. Oòrùn mú ganrínganrín, ọ̀gá ní àwọn ti rí ìgbì ìjì lójú rédà, ká kúrò lábẹ́ kánópì. Ìyàwó ń sunkún, ọ̀gá tí wọ́n jẹ́ bàbá ìyàwó ń fọwọ́ ara wọn kó àga. Agídí wọn! Ẹ̀kán òjò kan kò sì rọ̀. Ìjì náà gba ibòmíràn lọ. Ẹ̀gbọ́n wọn tó jókòó síbẹ̀ yẹn fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ọ̀gá kàn ní, "Ṣé gbogbo yín pé? Ó dáa, ẹ máa rẹ́rìn-ín."

Ẹ̀yin èèyàn wa, mo yà níbi iṣẹ́ kí n tó wá síbí. Ìgbì kún ojú ẹ̀rọ. Mi ò rí irú ẹ̀ rí. Mo tọ ipa rẹ̀ padà bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ẹ̀yìn òkè yẹn ló ti ń bọ̀, atẹ́gùn sì ń darí ìjì náà sọ́dọ̀ wa. Mo yíjú kí n bi wọ́n pé, "Ọ̀gá, ṣé bí mo ṣe kà á ló rí?" Kóòtù tí wọ́n máa ń wọ̀ nìkan ló wà lẹ́yìn àga wọn. Ẹ gbà mí o, mi ò rẹ́ni bi mọ́.

Mo mọ̀ pé ojú ọ̀run mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé mo lè ṣì í, kí n da ìdágbére ọ̀gá mi rú. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé ó lè jẹ́ pé mi ò ṣì í, àwọn ọmọdé sì ń sáré kiri láàárín àwọn irin kánópì yìí.

Màmá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká gbé wọn wọlé. Bí òjò kò bá rọ̀, ẹ fi mí rẹ́rìn-ín lọ́la.

Ọ̀gá mi, rédà wa kò lè rí ibi tí ẹ ń lọ. Kí ọ̀nà yín tutù. Kí ẹ má pàdé ìjì kankan. Ẹ ṣeun tí ẹ kọ́ mi. Ó dìgbà o.

Ẹ̀yin géńdé, ẹ di pósí mú. Ẹ̀yin ìyá, ẹ wá àwọn ọmọ yín. Ẹ̀gbọ́n ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde.