Ibùsùn Tí Adìẹ Gbà Lọ́wọ́ Wa

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, èmi àti bàbá àgbà yín ní ibùsùn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ibùsùn gidi, tó ní pákó nísàlẹ̀ àti tìmùtìmù òwú lórí. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ó jókòó sí etí rẹ̀, ó ń wá bàtà rẹ̀ kan. Èmi ń da àgbàdo fún adìẹ lẹ́yìn ilé. A ò mọ̀ pé ìgbà ìkẹyìn tí yóò jókòó síbẹ̀ nìyẹn.

Ràfíátù, o bi mí pé kí ni kí o tẹ́ sílẹ̀ fún adìẹ rẹ, ṣé sìmá tí wọ́n fi ń rẹ́ ilẹ̀ ni àbí iyanrìn. Ó dáa. Gbọ́ bí tèmi ṣe rí.

Adìẹ mẹ́rìnlá ni ìyá mi fún mi nígbà tí mo wọlé ọkọ. Àwọn nìkan ni mo lè pè ní tèmi nínú agboolé yẹn. Ọdún náà, òjò pọ̀, ilẹ̀ ilé adìẹ di ẹrẹ̀. Ẹ gbọ́, adìẹ kì í sunkún… ó kàn máa ń dúró lórí ẹsẹ̀ kan ni, á sì di ojú. Mẹ́ta kú. Ìkẹrin ń mí bí ẹni ń gun òkè.

Ni bàbá àgbà yín bá lọ sí ìpàdé ní Tchaourou, níbi tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti ń kọ́ wọn ní ìtọ́jú adìẹ. Ọmọ náà ń fi Faransé lú Nàgó tí à ń sọ. Ó ní ilé adìẹ kò gbọdọ̀ ṣaláìní lítíẹ̀. Bàbá àgbà yín dé, ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní, “Kí ni Faransé ń pe ibùsùn?” Mo ní mi ò mọ̀.

“Lí ni. Adìẹ gbọ́dọ̀ ní lí tiẹ̀.”

Ta ni yóò bá a jiyàn? Òun nìkan ló lọ sílé ìwé láàárín wa… ọdún méjì péré.

Kí n tó fọwọ́ tán, ibùsùn wa ti wà nínú ilé adìẹ. Ó tẹ́ aṣọ lé e. Ó gbé èyí tó ń ṣàìsàn sórí ìrọ̀rí. Gbogbo Goro, abúlé wa, wá wòran. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan bi í bóyá àkùkọ ni yóò máa sùn lọ́wọ́ ògiri. Bàbá àgbà yín ronú sí i dáadáa. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ kẹta, tìmùtìmù ti rin gbindin, ó ń rùn. Olùkọ́ náà dé lórí alùpùpù rẹ̀, ó yọjú wo inú, ó sì jókòó sílẹ̀.

“Tonton, lítíẹ̀ kì í ṣe ibùsùn. Èèpo ìrẹsì ni, tàbí ìfọ́ igi tó ń bọ́ lábẹ́ ayùn. Ohun gbígbẹ tó lè fa omi mu.”

Bàbá àgbà yín tẹ́tí sí i. Nígbà tí ọmọ náà lọ tán, ó ní, “Faransé ọmọ yẹn kò jinlẹ̀.”

Èmi ni mo fa tìmùtìmù jáde. Mo da èèpo ìrẹsì sórí pákó, ó ga tó ìka mẹ́rin. Òjò rọ̀, omi gba abẹ́ ibùsùn kọjá, òkè gbẹ. Adìẹ kankan kò kú mọ́. Èyí tó wà lórí ìrọ̀rí dìde, ó yé ẹyin, ó sì pa ọmọ mẹ́sàn-án.

Ṣé bàbá àgbà yín wá kan ibùsùn mìíràn? Rárá o. Ó ní wọ́n á sọ pé òun ṣì í gbọ́. “Adìẹ ní tiẹ̀, àwa ní tiwa.” Ẹní ni tiwa. Mo bú u títí, ó sú mi. Nígbà tó yá, mi ò lè sùn síbòmíràn mọ́.

Láyé ìsinsìnyí, ẹ ń da sìmá síbi gbogbo. Sìmá rọrùn láti fọ̀, ṣùgbọ́n má fi í sílẹ̀ lásán. Kó èèpo ìrẹsì lé e, kí o máa fọwọ́ kàn án láràárọ̀. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́, kó o dànù. Má lo èèpo kajú o, epo rẹ̀ ń bó ni lára.

Bàbá àgbà yín lọ sọ́run nínú ọyẹ́ tó kọjá. Bàbá Ràfíátù fẹ́ ra ibùsùn fún mi, mo ní kó má rà á. Tiwa wà lẹ́yìn ilé, adìẹ mẹ́fà ń sùn lórí rẹ̀.

Ẹní wà níbí. Ẹni méjì ló ń gbà.