Ọmọ Tó Ń Bá Ìjọ Gbààwẹ̀

[Tẹjú, abiyamọ tuntun, ń pè láti Araromi-Obu. Evelyn, àbúrò ìyá rẹ̀, gbé e ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ létí gáréèjì Ore.]

EVELYN: Hello! Ìyá ìkókó! Ẹ kú ewu ọmọ o!

TẸJÚ: Ẹ káàsán, mà. Ọjà ńkọ́ –

EVELYN: Ọjà wà. Ọkọ mi kékeré ńkọ́?

TẸJÚ: Ó ń bẹ, mà. Àǹtí, ẹja tí ẹ ní ẹ ó rà fún ìsọmọlórúkọ –

EVELYN: Mo ti rà á! Ẹja àrọ̀ ńlá, ó ń fi ìrù da omi sí mi lára níbí.

TẸJÚ: Ẹ jẹ́ kó ṣì wà níbẹ̀. Alàgbà ìjọ wa ní ká sún ọjọ́ náà síwájú.

[Ariwo: «Benin! Ó ku ẹnì kan!»]

EVELYN: Ká sún kí ni? Tẹjú! Ṣé o gbọ́ mi?

TẸJÚ: Mò ń gbọ́ yín. Wọ́n ní ọmọ náà ń bá ìjọ gbààwẹ̀.

EVELYN: [Ẹ̀rín] Ọmọ tí a bí lọ́jọ́ Ìsinmi? Kò tíì mọ ojú ìyá ẹ̀, ó ti mọ ààwẹ̀?

TẸJÚ: Kì í fẹ́ mu ọmú, mà. Tó bá mu díẹ̀, á bì í padà. Àárín ààwẹ̀ ìjọ la sì bí i, ni Alàgbà bá ní ọmọ ìlérí ni. Gbogbo ìjọ ń wá kí mi. Inú mi dùn, Àǹtí. Tẹ́lẹ̀.

EVELYN: Tẹ́lẹ̀ kẹ̀?

TẸJÚ: Èébì tàárọ̀ yìí, àwọ̀ rẹ̀ ò yé mi. Ó rí bí omi ewúro.

EVELYN: Ẹ̀n-ẹ́n! Ta ló rọ ọmọ tuntun lágbo?

TẸJÚ: Kò sẹ́ni tó rọ ọ́. Ìjọ wa kì í mu àgbo, ẹ ṣáà mọ̀.

EVELYN: Tẹjú. Ibo ni omi ewúro ti wá?

TẸJÚ: Ìdí tí mo fi pè yín nìyẹn.

EVELYN: Ṣó ti ya ìgbẹ́ dúdú tí ọmọ tuntun máa ń kọ́kọ́ yà?

TẸJÚ: Mi ò mọ̀. Màmá Rótìmí ló ń wẹ̀ ẹ́, àwọn náà ló ń pààrọ̀ aṣọ rẹ̀. Àkọ́bí ni, ẹ mọ̀ pé ìyá ọkọ ló ni ìwẹ̀ rẹ̀. Wọ́n á ti ìlẹ̀kùn. Àdúrà nìkan ni mo máa ń gbọ́.

EVELYN: Ìwọ tó o bí i, o ò tíì rí ìdí ọmọ rẹ?

TẸJÚ: Ojú ń tì mí láti béèrè.

EVELYN: Ojú ń tì ọ́ – Ṣé o gbọ́ mi? Ṣé o gbọ́ mi?

TẸJÚ: ...gbọ́ yín, nẹ́tíwọ̀kì ni –

EVELYN: Ìyá náà dà?

TẸJÚ: Wọ́n lọ pọnmi.

EVELYN: Tú aṣọ ọmọ náà. Báyìí! Gbé fóònù sórí bẹ́ẹ̀dì, má pa á.

[Ìró aṣọ. Ọmọ ń kùn, ohùn tín-ín-rín.]

TẸJÚ: Ikùn rẹ̀ wú, Àǹtí. Ó le gbagidi, ó ń dán.

EVELYN: Gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Wo ibi tó yẹ kó ti máa yàgbẹ́.

TẸJÚ: Àǹtí.

EVELYN: Kí lo rí?

TẸJÚ: Awọ nìkan ni. Kò sí ihò. Àǹtí, kò síhò níbẹ̀!

[Ẹkún.]

EVELYN: Má sunkún, àwọn dókítà ń tún un ṣe! Ṣé o gbọ́ mi? Ọmọ Hàlímọ̀ oníbúrẹ́dì iwájú mi yìí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí i. Dókítà kọ́kọ́ la ọ̀nà sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn, kí wọ́n tó wá ṣe ti ìdí. Lónìí, ó ń jí búrẹ́dì ìyá ẹ̀ jẹ!

TẸJÚ: Lóòótọ́, mà?

EVELYN: Ṣùgbọ́n wọn kì í fi falẹ̀. Má fún un lọ́mú mọ́, má fún un lómi àdúrà. Wé e dáadáa kó máa gbóná. Ta ló ní ọ̀kadà nítòsí?

TẸJÚ: Gàzálì, tó ń dáko kòkó lẹ́yìn ilé wa. Ṣùgbọ́n Rótìmí wà lórí òkè àdúrà, ó ti pa fóònù. Alàgbà sì ní ọmọ ò gbọdọ̀ jáde kí ààwẹ̀ tó parí –

EVELYN: Ṣé Alàgbà ló bá ọ rọbí ni?

TẸJÚ: Àǹtí, wọ́n ti dé –

[Garawa ṣubú. Omi dànù.]

ÌYÁ RÓTÌMÍ: [lẹ́nu ọ̀nà] Tẹjú. Ta ló ní kó o tú u?

TẸJÚ: Ẹ jọ̀ọ́, mà –

EVELYN: Má kúnlẹ̀! Mo mọ̀ pé o ti kúnlẹ̀. Dìde!

TẸJÚ: Màmá, ṣé ẹ ti mọ̀?

ÌYÁ RÓTÌMÍ: Láti ìwẹ̀ àkọ́kọ́.

TẸJÚ: Ẹ wá jẹ́ kí n máa yọ̀ pé ó ń gbààwẹ̀!

ÌYÁ RÓTÌMÍ: Mo ní kí Ọlọ́run ṣí i kí ojú ayé tó rí i. Kí wọ́n má baà pe ọmọ wa ní àbàmì. Tí mo bá wẹ̀ ẹ́ tán, màá tún wò ó. Màá tún wò ó...

EVELYN: Ìyá Rótìmí, ẹ kú ilé, mà! Ọlọ́run yẹn náà ló dá dókítà! Ẹ jẹ́ kó gbé ọmọ náà máa bọ̀!

TẸJÚ: Mò ń gbé ọmọ mi lọ, mà. Ẹ bá mi wí tí mo bá dé.

[Ìró ẹsẹ̀. Ìlẹ̀kùn.]

TẸJÚ: Gàzálì! Gàzálì o!

GÀZÁLÌ: [lókèèrè] Madam, wetin happen?

ÌYÁ RÓTÌMÍ: Gbé e wá.

TẸJÚ: Rárá, mà.

ÌYÁ RÓTÌMÍ: Mo ní gbé e wá. Ara rẹ ò tíì le, ọ̀nà oko yìí á gbọ̀n ọ́ dànù. Jókòó sẹ́yìn mi, kó o dì mí mú. Èmi tí mo fi í pamọ́ ni màá gbé e jáde.

[Ọ̀kadà bú.]

EVELYN: Ẹ ti gùn ún? Mò ń lọ dúró dè yín níwájú ọsibítù Ore níbí o! Ṣé ẹ gbọ́ mi?

TẸJÚ: Àǹtí! Màmá ní... tí wọ́n bá béèrè orúkọ níbẹ̀... wọn ò dúró de Alàgbà mọ́... Olúwafikáyọ̀mi!

EVELYN: Fikáyọ̀! Mo ti gbọ́! Fikáyọ̀, ṣé o gbọ́ mi? Ṣé o –

[Nẹ́tíwọ̀kì já.]